Ẹni Tó Ń Gbé Oògùn Mì: Ipò Aláìsàn Nínú Àgbéyẹ̀wò Oògùn Rẹ̀

Ọ̀nà tí oògùn ń gbà dé ọwọ́ àgbàlagbà tó ń gbé ní Atokoligbé, ní orílẹ̀-èdè Benin, pọ̀. Díẹ̀ ti ilé ìwòsàn tó wà nítòsí wá, èyí tí nọ́ọ̀sì kọ sínú ìwé pélébé lédè Faransé. Díẹ̀ ti ilé ìwòsàn ńlá ní Savalou wá, bí àìsàn bá ti le débi tí wọ́n fi gbé e lọ síbẹ̀ rí. Ọjà náà ní tirẹ̀: oògùn ara ríro wà lórí àtẹ, ó jókòó ti máàgì àti ọṣẹ ìfọṣọ. Ọmọ tó wà ní Cotonou tàbí ní Èkó á tún di nǹkan sínú láílọ́ọ̀nù, á fi rán awakọ̀. Ìkòkò agbo sì wà lórí iná lẹ́yìn ilé. Nọ́ọ̀sì mọ̀ nípa ọ̀kan nínú gbogbo èyí, dókítà Savalou lè mọ méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ gbogbo rẹ̀ tán, òun gan-an ni wọn kì í sì í sábà bi léèrè.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní àgbéyẹ̀wò oògùn kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹnì kan tó mọ oògùn, ìbáà jẹ́ dókítà, apòògùn tàbí nọ́ọ̀sì, á jókòó, á wo gbogbo ohun tí aláìsàn ń lò pa pọ̀. Á wádìí èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, èyí tó ń bá òmíràn jà, èyí tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá, àti èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Àga aláìsàn ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Ṣé ẹni tí wọ́n máa jíṣẹ́ fún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí ọ̀rọ̀ ni, àbí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí i? Lójú tèmi, àgbéyẹ̀wò tí aláìsàn kò bá sí nínú rẹ̀, ìwé ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò tíì yẹ oògùn wò.

Atokoligbé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àárọ́ńdísìmá mẹ́sàn-án tó wà lábẹ́ kọ́múnù Bantè, ní ẹ̀ka Collines tí wọ́n yọ lára Zou ní 1999. Èdè Ica, ìbátan Yorùbá, gbilẹ̀ ní agbègbè Bantè. Iṣu, kajú àti òwú wà lára ohun tí àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn. Agbègbè ìlera 34 ni Benin pín ara rẹ̀ sí, Bantè àti Savalou sì jọ wà nínú ọ̀kan, Savalou ni ilé ìwòsàn ńlá wọn wà. Iṣẹ́ ọkọ́ àti àdá kì í fi orúnkún àti ẹ̀gbẹ́ ẹni sílẹ̀ bó ṣe bá a, ìdí nìyẹn tí àtẹ oògùn ara ríro kì í fi í tú lọ́jà.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ará ìlú nínú oògùn ṣàjèjì sí Benin. Ní àwọn ọdún 1980, ní Pahou lẹ́bàá Ouidah, Ọ̀jọ̀gbọ́n Eusèbe Alihonou àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò pé kí ará abúlé máa ra àwọn oògùn pàtàkì lówó pọ́ọ́kú, kí owó náà máa ra òmíràn wọlé, kí àwọn tí ará ìlú yàn sì máa bójú tó o. Nígbà tí àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà pàdé ní Bamako ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, irú ètò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí. Láti ìgbà náà ni ìgbìmọ̀ ará ìlú ti ń bá àwọn ilé ìwòsàn Benin ṣàkóso owó oògùn.

Ohun ńlá ni ètò yẹn ṣe, ẹni tó bá rántí ilé ìwòsàn tí kò ní nǹkan kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ju báńdéèjì lọ kò ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n gbé lé ará ìlú lọ́wọ́: owó tó wọlé, owó tó jáde, iye páálí tó kù. Oògùn tí wọ́n tà fún Màmá lóṣù tó kọjá, kí ló ṣe lára wọn? Ṣé wọ́n lò ó? Ṣé wọ́n dá a dúró, kí ló sì dé? Ìyẹn kò sí nínú ìwé ìṣirò owó, ìgbìmọ̀ kò sì ní ìdí láti béèrè rẹ̀. Ará ìlú di onílé nínú ọ̀rọ̀ owó oògùn, wọ́n ṣì jẹ́ àlejò nínú ọ̀rọ̀ oògùn fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ lẹ́nu, tí nọ́ọ̀sì kan tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì wá a wá sílé.

“Màmá, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da gbogbo oògùn yín sórí ẹní, títí kan èyí tí ẹ rò pé kò kàn mí.”

“Àti agbo?”

“Àti agbo, Màmá.”

“Ṣé o ò ní pariwo mọ́ mi?”

“Ta ló máa pariwo mọ́ yín nílé yín?”

Láílọ́ọ̀nù dúdú kan ló jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. Káàdì àkọ́kọ́ jẹ́ amlodipine tí ilé ìwòsàn fún wọn. Káàdì kejì, tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Cotonou, ń jẹ́ orúkọ mìíràn gàdàgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè ka lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ á rí i pé amlodipine náà ni. Ẹ̀kẹta ni furosemide, oògùn tí ń múni tọ̀, tí wọ́n kọ fún wọn ní Savalou nítorí ẹsẹ̀ wọn tó wú. Ẹ̀kẹrin ni diclofenac, láti ọjà, fún orúnkún. Káàdì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìgò agbo kan ló kẹ́yìn, tí òórùn ọtí ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Ìgbà wo ni ẹsẹ̀ yín bẹ̀rẹ̀ sí í wú, Màmá?”

“Lẹ́yìn tí ọmọ mi fi aláwọ̀ pupa yìí ránṣẹ́ ni.”

Ó parí. Amlodipine máa ń mú kí ẹsẹ̀ wú, pàápàá bó bá pọ̀ lára ẹni. Ìlọ́po méjì ni ìyá yìí ń lò láìmọ̀. Ẹsẹ̀ wú, dókítà rò pé àìsàn tuntun ni, ó kọ furosemide. Furosemide ń fa omi lára, diclofenac ń ni kíndìnrín lára, ó sì tún ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, èyí tó jẹ́ pé òun ni amlodipine wà fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí oògùn kan fa ìṣòro, kí wọ́n fi oògùn mìíràn tọ́jú ìṣòro náà bí ẹni pé àrùn ni: Paula Rochon àti Jerry Gurwitz kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, ní 1997, àwọn apòògùn káàkiri ayé sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sí ìwé kankan ní Savalou tàbí ní Atokoligbé tó lè fi í han ẹnikẹ́ni nínú ọ̀ràn ìyá yìí. Káàdì pupa kò sí nínú ìwé. Diclofenac kò sí nínú ìwé. Ẹnu ìyá àti láílọ́ọ̀nù rẹ̀ ló wà.

Ìbéèrè tí ìyá kọ́kọ́ béèrè, pé ṣé wọn ò ní pariwo mọ́ òun, kì í ṣe àwàdà. Ẹni tó bá ti jókòó rí ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní Benin tàbí ní Nàìjíríà, mọ ohùn tí wọ́n fi ń bá àgbàlagbà wí pé ó tún lọ mu agbo. Ohùn yẹn ló kọ́ àwọn èèyàn láti máa sọ pé “rárá o” kí wọ́n tó béèrè tán. Òfin tó gbógun ti oògùn ọjà tún wà ńbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2017, àwọn agbófinró Benin ya wọ Adjégounlé ní ọjà Dantokpa, ibi tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀ fún oògùn òpópónà, wọ́n kó oògùn, wọ́n kó èèyàn. Mo fara mọ́ ọn. Cotonou náà ni wọ́n ti ké sí ayé ní 2009 pé kí wọ́n gbógun ti ayédèrú oògùn, ẹ̀rí sì pọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré: ní Nàìjíríà, lọ́dún 2008 sí 2009, oògùn omi kan tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín, My Pikin, pa ọmọdé 84 nítorí májèlé diethylene glycol tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó dára lójú ọjà lè di ẹnu aláìsàn nínú yàrá dókítà. Ẹni tó gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ń mú àwọn tó ń ta oògùn ọjà kò ní fẹ́ mú káàdì tó rà níbẹ̀ jáde níwájú aláṣọ funfun. Ó yẹ kí ilé ìwòsàn sọ ọ́ tààrà, kó sì tún un sọ, pé ohun tí ẹ bá kó wá síbí kò ní kó yín sí wàhálà.

Ní ti agbo, ẹni tó bá rò pé omi ewé lásán ni kò tíì mọ ìtàn. Asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rauwolfia vomitoria, ni àwọn oníṣègùn Yorùbá fi ń tọ́jú alárùn ọpọlọ tipẹ́tipẹ́. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ láti Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Inú igi náà ni reserpine wà, èròjà tí wọ́n kọ́kọ́ fà jáde lára ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà ní 1952, tí àwọn dókítà òyìnbó sì fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà ẹni tó ń mu àgúnmu asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ilé ìwòsàn ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì. Omi ìṣápá pàápàá, tí wọ́n ń mu tútù nínú fìríìjì, àwọn ìwádìí ti fi hàn pé ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ ríru kalẹ̀ díẹ̀. Bí àgbéyẹ̀wò bá fo ìkòkò agbo dá, ìdajì ló ṣe.

Kí ni àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ rí kọ́? Ìtàn wọn kò dán tó bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2005, ìjọba ń sanwó fún ilé oògùn kí apòògùn máa bá oníbàárà jókòó lórí bó ṣe ń lo oògùn rẹ̀. Pọ́n-ùn 28 ni wọ́n wá ń san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé oògùn kan kò sì gbọdọ̀ ju 400 lọ lọ́dún. Ẹni tó mọ ọjà mọ ibi tí ìyẹn máa já sí: àwọn ilé oògùn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í lé iye, kí 400 ṣáà pé. Wọ́n pa ètò náà tì ní 2021. Lọ́dún kan náà ni ìròyìn tí Keith Ridge, tó jẹ́ olórí àwọn apòògùn Ẹ́ńgílándì nígbà náà, darí jáde, pé ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún oògùn tí wọ́n ń kọ ní kò yẹ kí wọ́n kọ, àti pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tó lé ní ọdún 65 tó dèrò ilé ìwòsàn, oògùn ló gbé wọn débẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ìwádìí HOMER, ní Norfolk àti Suffolk, tí wọ́n gbé jáde ní 2005. Wọ́n mú èèyàn 872 tó lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn. Apòògùn lọ bá ìdajì wọn nílé lẹ́ẹ̀mejì, ó wo oògùn wọn, ó kọ́ wọn, ó kó èyí tó ti gbó kúrò. Gbogbo ènìyàn rò pé wọn ò ní padà sí ilé ìwòsàn bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n padà ju àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò lọ, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2021, ìwádìí OPERAM lórí arúgbó 2,008 ní orílẹ̀-èdè Yúróòpù mẹ́rin fi hàn pé dókítà àti apòògùn tí wọ́n lo kọ̀ǹpútà láti tún ìwé oògùn ṣe dín oògùn tí kò yẹ kù lóòótọ́, síbẹ̀ iye ẹni tí oògùn gbé dé ilé ìwòsàn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí Cara Tannenbaum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Quebec, tí wọ́n gbé jáde ní 2014. Arúgbó 303 tó ti ń fi oògùn oorun benzodiazepine sùn fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n mú. Wọn ò rán apòògùn sí wọn nílé, wọn ò sì fi kọ̀ǹpútà yẹ ìwé wọn wò. Ìwé kékeré ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn kan nínú wọn, tó ṣàlàyé ewu oògùn náà lédè tó yé èèyàn, tó bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀, tó sì fi bí wọ́n ṣe lè máa dín in kù ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ hàn wọ́n, pẹ̀lú ìmọ̀ràn pé kí wọ́n bá dókítà tàbí apòògùn wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìwé náà ti fi oògùn ọ̀hún sílẹ̀ pátápátá. Nínú àwọn tí kò gbà á, ìdá márùn-ún péré ni.

Mi ò sọ pé ìwádìí mẹ́ta yìí dọ́gba. Oògùn kan ṣoṣo ni ti Quebec, àwọn méjì yòókù gbé àìsàn oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n ohun kan hàn sí mi. Nínú àwọn tó kùnà, ẹlòmíràn ló di ọ̀rọ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, aláìsàn ń gba ìmọ̀ràn. Nínú èyí tó yọrí, aláìsàn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀, òun ló sì gbé e lọ bá dókítà. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ lórí ìpalára oògùn ní Bonn ní oṣù kẹta ọdún 2017, tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ dín ìpalára ńlá kù sí ìdajì láàárín ọdún márùn-ún, aláìsàn àti ará ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ nínú ibi mẹ́rin tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kàn. Lórí ìwé ni ìyẹn náà ṣì wà ní ọ̀pọ̀ ibi.

Àwọn kan á ní Quebec kọ́ ni Bantè, pé ẹni tí kò kàwé kò lè bá dókítà dá ọ̀rọ̀ oògùn sọ. Àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló yẹ kó kẹ́yìn nínú àwọn tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Benin wà nínú orílẹ̀-èdè méje tó bẹ̀rẹ̀ ogun ìfọ́jú etí odò ní 1974. Nígbà tí iléeṣẹ́ oògùn Merck ní 1987 sọ pé àwọn á máa fi Mectizan, oògùn àìsàn náà, tọrẹ, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ẹni tí yóò pín in dé abúlé tí mọ́tò kì í dé. Ètò tó borí ni èyí tó fi í lé ará abúlé lọ́wọ́: àwọn ló ń yan ẹni tí yóò pín in, àwọn ló ń yan oṣù tó rọrùn fún wọn. Wọn ò ní òṣùwọ̀n ìwúwo, nítorí náà wọ́n fi àmì sára igi. Bí o bá ṣe ga sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà ni iye tí wàá gbé mì. Àgbẹ̀ ló ń di igi yẹn mú, àgbẹ̀ ló ń kọ orúkọ sínú ìwé, tàbí kó ní kí ọmọ ilé-ìwé bá òun kọ ọ́. Oògùn kan lọ́dún kan rọrùn ju láílọ́ọ̀nù ìyá wa lọ, mo gbà. Kò sí ẹni tó tún lè sọ lẹ́yìn ìyẹn pé ará oko kò ní òye oògùn.

Owó ni ohun tí àgbéyẹ̀wò kì í fẹ́ dárúkọ. Aláìsàn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní ọjọ́ kan, tó fo ọjọ́ kejì, kì í ṣe aláìgbọràn. Ó ń fa oògùn gùn kó lè dé ìgbà tí wọ́n bá ta kajú. Ní 1997, ẹgbẹ́ àwọn apòògùn ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé kan jáde tó ní kí wọ́n yé wo aláìsàn bí ẹni tó ń pa àṣẹ mọ́ tàbí tó ń rú u, kí wọ́n wá máa bá a fohùn ṣọ̀kan. Ní 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn ilẹ̀ olówó pàápàá, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló ń lo oògùn bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n lò ó. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè iye tí oògùn ń náni, tó sì rí i pé furosemide yẹn kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá, owó tí ìyá yóò fi ra amlodipine rẹ̀ lójoojúmọ́ ti jáde.

Ohun kan wà tí àwọn ìwé òyìnbó kì í sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, aláìsàn kì í dá wà. Ọmọ tó ń sanwó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìyàwó ilé ló mọ ibi tí oògùn wà, ọmọ-ọmọ ló ń ka ara páálí. Ẹni tó bá pe ìyá nìkan sí yàrá lè máa bá ẹni tí kò mọ orúkọ oògùn kankan sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì pe gbogbo ilé lè rí i pé àkọ́bí ń dáhùn gbogbo ìbéèrè, ìyá ń wo ilẹ̀. Àwọn obìnrin kan sì wà tí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí wọn kò gbọ́dọ̀ jáde níwájú ọkọ tàbí ìyá ọkọ. Ohun tí mo rò pé ó bójú mu ni kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ dá aláìsàn rí ní ìkọ̀kọ̀, kó béèrè ẹni tó fẹ́ kó jókòó ti òun, kó tó pe ẹnikẹ́ni wọlé. Àwọn kan á ní “ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ṣe bó bá ṣe yẹ.” Ẹ̀tọ́ wọn ni. Kò sì túmọ̀ sí pé kí a má béèrè ohun tó wà nínú láílọ́ọ̀nù.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ gan-an ni àṣẹ. Nọ́ọ̀sì Atokoligbé lè rí i pé amlodipine di méjì, pé furosemide kò nídìí. Káàdì kejì yẹn, ó lè ní kí Màmá gbé e tì. Furosemide ńkọ́, tó jẹ́ pé dókítà ló kọ ọ́? Ó ń bẹ̀rù láti yọ ohun tí ọ̀gá kọ, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí: àwọn oògùn kan wà, bíi oògùn oorun wọ̀nyẹn àti díẹ̀ nínú oògùn ọkàn, tí ẹni tó bá já wọn lójijì lè dá wàhálà sílẹ̀. Ó nílò ẹni kan ní Savalou tí ó lè pè lórí fóònù ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n jọ sọ ọ́ níwájú ìyá, lédè tí ìyá gbọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìyá pé oògùn báyìí dá dúró, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdí. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó oògùn ti wà nílẹ̀. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀ láti fi ìbéèrè kan kún ìpàdé wọn, pé àwọn oògùn wo ni aláìsàn dá dúró fúnra wọn láàárín oṣù mẹ́ta, kí sì ni wọ́n sọ pé ó fà á. Kò yẹ kí àgbéyẹ̀wò náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ènìyàn. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ tí èrò kò bá pọ̀, kí wọ́n mú wọn láti inú àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ tí wọ́n ti gba oògùn ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ.